Yo-yo maker, ike tí wọ́n fi ń rán quilt roboto-roboto: ṣé kẹ́ ẹ rà á ni àbí kẹ́ ẹ lo ife inú ilé yín?

Ẹ jẹ́ n tètè sọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́: ike náà dáa. Ó ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ní ó ń ṣe, kò wọ́n, kò tó páùn mẹ́wàá níbi tí mo ti ra tèmi, àmọ́ sáìsì tí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń rà, ìyẹn kékeré tó wu ojú yẹn, òun ló ń jẹ́ kí iṣẹ́ yìí sú wọn kí wọ́n tó dé ìdajì. Ẹ ra ńlá, èyí tó jẹ́ mìlímítà 60. Ẹni tó bá fẹ́ máa lọ báyìí ti gbọ́ èyí tó ṣe pàtàkì jù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà ńkọ́, ẹ jókòó dáadáa torí ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀.

Fún ẹni tí ò tíì rí i rí, quilt tí mò ń sọ yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi òwú sáàárín aṣọ méjì tí wọ́n á wá fi máṣíìnì là á kọjá o. Aṣọ roboto ni wọ́n máa gé, wọ́n á ṣẹ́ etí ẹ̀ díẹ̀ wọlé, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ gán etí yẹn yí po, tó bá ti yí ká tán wọ́n á wá fa òwú náà bí ìgbà téèyàn ń fa okùn ṣòkòtò, gbogbo etí aṣọ á kóra jọ sáàárín, á wá ku ihò kékeré kan lójú ẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ á sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹyọ kan nìyẹn. Kẹ́ ẹ wá ṣe ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú ẹ̀, kẹ́ ẹ so wọ́n mọ́ra lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó di aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì. Kò sí máṣíìnì kankan ńbẹ̀, ọwọ́ ni látòkèdélẹ̀.

Yo-yo ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é, àwọn òyìnbó ọ̀dọ̀ wa ní England níbí, Suffolk puff ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí, ní Brazil sì rèé, pàápàá lápá àríwá-ìlà-oòrùn tí Bahia wà, fuxico ni, wọ́n ń rán an mọ́ yẹ̀rì, mọ́ báàgì, wọ́n ń fi ṣe aṣọ tábìlì, kò síbi tí wọn ò kì í fi sí. Ní Amẹ́ríkà, láàárín 1920 sí 1940 ló gbòde jù, owó ò sí lọ́wọ́ aráàlú láwọn ọdún 1930 yẹn, àwọn obìnrin abúlé wọn ń tú àpò ìyẹ̀fun àti àpò oúnjẹ adìyẹ, torí aṣọ òwú olódòdó ni wọ́n fi ń rán ọ̀pọ̀ nínú àwọn àpò yẹn nígbà náà, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fi rán aṣọ fún àwọn ọmọ wọn, èyí tó bá wá ṣẹ́ kù tí ò tó rán nǹkan gidi ló ń di yo-yo. Àgékù ló bí iṣẹ́ yìí. Ìdí tí mo ṣe ní kí n kọ nípa ẹ̀ fún àwa ara wa nìyẹn, ilé Yorùbá wo ni ẹ ò ti ní rí àgékù ankara nínú Ghana-must-go lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì?

Ó yá, ike náà fúnra ẹ̀. Clover ló ń ṣe èyí tó gbajúmọ̀ jù, ilé-iṣẹ́ Japan ni. Ike méjì ló wà nínú páálí, ọ̀kan rí bí àwo tí ò jìn, èkejì pẹlẹbẹ, ó sì ń wọ inú àkọ́kọ́. Ẹ ó tẹ́ aṣọ lé àwo yẹn, kí ẹ̀yìn aṣọ wà lókè, ẹ ó ki ike pẹlẹbẹ mọ́ ọn títí ẹ máa fi gbọ́ tó dún "kẹ̀", ẹ wá fi síṣọ́ọ̀sì gé èyí tó yọ síta yí po, ẹ fi bí ìdajì sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀, kẹ́ ẹ máa ṣẹ́ ìdajì sẹ̀ǹtímítà yẹn wá sórí ike bẹ́ ẹ ṣe ń gán an lọ, abẹ́rẹ́ á máa gba inú àwọn ihò tí wọ́n ti lu sétí ike yẹn kọjá, ó wọlé níbí, ó jáde lọ́hùn-ún, títí ẹ fi yí po padà síbi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ yọ ike kúrò, ẹ fa òwú, ẹ ta kókó. Ó parí.

Àwọn ihò etí ike yẹn gan-an ni mo gbà pé mo sanwó fún. Àwa tá a kọ́ṣẹ́ tẹ́lọ̀ díẹ̀ kó tó di pé a wá sílùú òyìnbó, ohun tí ọ̀gá wa kì í yé pariwo ẹ̀ ni pé kí gígán wa kéré, kó sún mọ́ra, ẹni tó bá gán aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ ó máa tú u ni. Nínú iṣẹ́ yìí, òdìkejì ẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́. Tẹ́ ẹ bá gán etí aṣọ yẹn ní kéékèèké, ìṣẹ́po tó máa jáde nígbà tẹ́ ẹ bá fà á á ti pọ̀ jù, wọ́n á máa ti ara wọn síta, ihò àárín ò ní pa dé láéláé, á là sílẹ̀ gbayawu kẹ́ ẹ máa rí inú ẹ̀, kẹ́ ẹ sì fà á títí kí òwú já, kò ní pa dé. Tẹ́ ẹ bá wá gán an gígùn-gígùn díẹ̀, ìṣẹ́po á dín kù, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á tóbi, wọ́n á fara tì ara wọn, ihò á sì pa mọ́ra títí á fi kù bí orí bíìrò. Ike yìí ti wọn gígùn yẹn sílẹ̀ fún yín. Ẹ ò ní láti ronú. Ẹ lè máa wo fíìmù, ẹ lè máa bá ọmọ yín ṣe họ́mùwọ́ọ̀kì, abẹ́rẹ́ mọ ibi tó ń lọ.

Ṣé ife ò wá lè ṣe é ni? Ó lè ṣe é o. Ife, ọmọrí ìkòkò, sọ́sà tíì, ohunkóhun tó bá ṣáà ti rí roboto, kẹ́ ẹ dà á dé orí páálí kọ́nfíléèkì, ẹ fi bíìrò fa ìlà yí i po, ẹ gé páálí, òun lẹ ó máa fi ṣọ́ọ̀kì tẹ̀ lé lórí aṣọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan ike, odindi aṣọ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n fi ń rán. Tí ọwọ́ yín bá ti mọ́ ọn tán, ife tiẹ̀ lè yá ju ike lọ, torí ike yẹn, ẹ gbọ́dọ̀ ki aṣọ bọ̀ ọ́, ẹ gbọ́dọ̀ yọ ọ́, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àkókò díẹ̀díẹ̀ yẹn sì ń pọ̀. Ibi tí ife ti máa ń dójú tini ni ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ so wọ́n pọ̀. Èyí tẹ́ ẹ fi ọwọ́ lásán ṣẹ́ etí ẹ̀, ọ̀kan á jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 6, ìkejì 5 àti ààbọ̀, ẹ̀kẹta á fẹ́ẹ̀ tó 6 àti ààbọ̀, lójú ẹyọ kan ẹ ò ní mọ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti to ogún sórí ìlà kan, tẹ́ ẹ gbé ìlà mìíràn sábẹ́ ẹ̀, ẹ ó rí i pé méjèèjì ò dọ́gba mọ́, ọ̀kan ti sá lọ, aṣọ yín á máa wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Pẹ̀lú ike, bákan náà ni gbogbo wọn máa rí, ti òwúrọ̀ tójú yín mọ́lẹ̀ àti ti alẹ́ tẹ́ ẹ ti ń sùn lọ. Fún bẹ́ẹ̀dì, ẹ ra ike. Fún kúṣìnnì kan ṣoṣo tàbí nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ fi sórí báàgì ọmọ, ife tó.

Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú ṣá. Ọ̀rẹ́ mi kan ra irú ẹ̀ fún mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì, márùn-ún nínú ọ̀rá kan, owó ẹ̀ ò tó nǹkan rárá, mi ò ní dárúkọ ẹni tó ń tà á. Ike méjèèjì ò di ara wọn mú, tẹ́ ẹ bá ti gán dé ìdajì ó máa ṣí, aṣọ á yọ̀. Èyí tó tún burú jù ni ẹnu àwọn ihò yẹn, wọn ò yọ́ ọ dáadáa níbi tí wọ́n ti ṣe é, ó ní eyín wẹ́wẹ́, ó sì máa ń fá òwú díẹ̀díẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń gbà á kọjá, ẹ ò ní rí i, àfìgbà tẹ́ ẹ bá fà á lẹ́yìn gbogbo wàhálà kó sọ pé "pá", ó ti já, ẹ sì mọ̀ pé òwú tó já níbí, ẹ máa tún gbogbo ẹ̀ gán látìbẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ fi ìka yín ra ẹnu ihò yẹn yí ká kẹ́ ẹ tó lò ó. Tó bá ń họ yín lára, ẹ fi sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ sáìsì ló kàn, ibẹ̀ ni mo ní ẹjọ́ sí. Ẹ má wo ohun tí wọ́n kọ sára páálí, ẹ wo nọ́ńbà mìlímítà. Èyí tí wọ́n pè ní Large yẹn, mìlímítà 45 péré ni! Èyí tó jẹ́ 60 ni wọ́n pè ní Extra Large, 90 ni Jumbo, Small jẹ́ 30. Èèyàn á gbọ́ Large á rò pé ó ti ra ńlá, àṣé ọ̀nà ṣì jìn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ pọ̀. Ká ní aṣọ tẹ́ ẹ fẹ́ fi bo orí bẹ́ẹ̀dì kékeré, tàbí tẹ́ ẹ fẹ́ fi sórí àga gígùn, ká pè é ní fífẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 135, gígùn 180. Tẹ́ ẹ bá lo 45, ọgbọ̀n ló máa wà lórí ìlà kan, ìlà ogójì, àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 1,200. Tẹ́ ẹ bá lo 60, 22 lórí ìlà kan, ìlà 30, ó di 660. Tó bá jẹ́ 90, 15 lórí ìlà kan, ìlà 20, 300 péré. Ká wá ní ẹyọ kan gbà yín ní ìṣẹ́jú márùn-ún, 1,200 yẹn jẹ́ ọgọ́rùn-ún wákàtí gbáko tẹ́ ẹ ó fi jókòó gán aṣọ, ẹ ò sì tíì so ọ̀kan mọ́ ìkejì. Síso yẹn gan-an ńkọ́? Ojú ibi tí wọ́n ti kan ara wọn nínú 1,200, ó jẹ́ 2,330, gbogbo ẹ̀ lẹ ó fi abẹ́rẹ́ kàn, kẹ́ ẹ sì ta kókó sí. Nínú 660, 1,268 ni. Nínú 300, 565. Ẹ wá rí i pé kì í ṣe ọ̀lẹ ni mò ń ṣe.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú ìṣirò yẹn ni ti aṣọ. Gbogbo èèyàn rò pé kékeré ló máa jẹ aṣọ kéré jù, irọ́ ni. Yo-yo kọ̀ọ̀kan máa ń sún kì sí bí ìdajì fífẹ̀ aṣọ tẹ́ ẹ gé, ìyẹn ni pé ohun tó ń bo bẹ́ẹ̀dì kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́rin aṣọ tẹ́ ẹ lò lọ, yálà ó kéré ni o, yálà ó tóbi. Ankara fífẹ̀ íǹṣì 45, yáàdì mẹ́fà, tẹ́ ẹ bá gé e sí igun mẹ́rin-mẹ́rin sẹ̀ǹtímítà 11 fún ike 45, ẹ ó rí nǹkan bí 490 nínú ẹ̀. Èyí jẹ́ pé 1,200 máa jẹ tó yáàdì mẹ́fà-mẹ́fà ọ̀nà méjì àti ààbọ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣe ti 60, tẹ́ ẹ gé e sí sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ ó rí bí 250 nínú yáàdì mẹ́fà, ìṣirò ẹ̀ tún padà sí bíi méjì àti ààbọ̀ yẹn náà. Aṣọ ò yàtọ̀. Òógùn ojú yín ló yàtọ̀.

60 ni mo fi jẹ ọba nínú gbogbo wọn. 90 yá lóòótọ́, àmọ́ ó máa ń rọ̀, àárín ẹ̀ á máa fẹ́ ṣubú, ẹ ó nílò láti fi abẹ́rẹ́ kan àárín ẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn kó lè dúró jẹ́ẹ́, iṣẹ́ mìíràn nìyẹn, àmọ́ ẹni tó bá ń kánjú lè fara mọ́ ọn. 45 dáa fún kúṣìnnì. 30 yẹn, ẹ fi ṣe yẹtí, ẹ fi ṣe nǹkan ìdirun ọmọdé, ẹ má dá a láṣà pé ẹ fẹ́ fi bo bẹ́ẹ̀dì.

Aṣọ wo ni ẹ wá fẹ́ lò? Ankara ló gba ipò kìíní, kì í ṣe torí pé tiwa ni o (kódà àwa kọ́ la kọ́kọ́ ṣe é), torí pé òwú ni, ó mú ìṣẹ́po dáadáa, kì í tètè tú létí. Àmọ́ ẹ fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó gé e, kẹ́ ẹ sì lọ̀ ọ́. Ankara tuntun gbẹ kangara, sítáàṣì tó wà lára ẹ̀ ń ba abẹ́rẹ́ jà, ìka yín ló máa jẹ̀bi, tẹ́ ẹ bá sì rán an tán kẹ́ ẹ tó fọ̀ ọ́, èyí tó máa sún kì á sún kì, yo-yo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ò ní sún kì, ó di ìjà. Nípa iṣẹ́ ara ẹ̀, ankara olódòdó ńlá tàbí ẹlẹ́yẹ ńlá, àwòrán yẹn ò ní hàn bẹ́ ẹ ṣe rò. Ojú tó ní ìṣẹ́po yẹn, etí aṣọ tẹ́ ẹ gé ló wà ńbẹ̀, àárín aṣọ ti bọ́ sẹ́yìn. Ẹyẹ tẹ́ ẹ fi síṣọ́ọ̀sì gé tìṣọ́ratìṣọ́ra kó lè bọ́ sáàárín gẹ́lẹ́, ẹ̀yìn ni ẹ máa bá a, tó tẹ́jú kalẹ̀, tó rẹwà gan-an, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ní wò. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá ní ankara tí àwòrán ẹ̀ wù yín, ẹ kàn dojú wọn dé, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn pẹrẹsẹ yẹn wà lókè. Mo ti rí i tí wọ́n da méjèèjì pọ̀, ìlà kan ojú, ìlà kan ẹ̀yìn, ó gún régé. Àwọn ankara oníṣẹ́ wẹ́wẹ́, alámì tó-tò-tó, àwọn yẹn ò ní wàhálà, bó ṣe wù kẹ́ ẹ gé e yóò mu.

Àdìrẹ náà dáa, ó rọ̀, abẹ́rẹ́ á kàn máa yọ̀ lọ ni, àmọ́ aláró yẹn, àwọn tí wọ́n fi ẹ̀lú gidi pa láró ní Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo, ẹ fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tún un fọ̀ títí omi ẹ̀ á fi mọ́, kẹ́ ẹ tó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun. Léèsì, ẹ fi sílẹ̀. Ihò ara ẹ̀ máa ń jẹ́ kí etí tẹ́ ẹ ṣẹ́ sínú hàn síta, abẹ́rẹ́ á sì máa kọ́ iṣẹ́ ara ẹ̀. Gèlè náà ò dáa, ó ń tú, kò sì gbọ́ràn. Gíníì, bẹ́ẹ̀ ni, tẹ́ ẹ bá ti fọ dídán ara ẹ̀ kúrò. Aṣọ-òkè wá ni àwọn èèyàn máa ń bi mí léèrè jù. Kò bá ike yìí lò. Ó ki jù, ike ò ní dún "kẹ̀", ẹ lè tẹ̀ ẹ́ títí ẹ ó fi fọ́ ọ, àti pé ìbú aṣọ-òkè tí wọ́n fọwọ́ hun kì í sábàá ju bí íǹṣì mẹ́rin lọ, kò tiẹ̀ fẹ̀ tó èyí tí ike 60 fẹ́, tẹ́ ẹ bá sì gé e ní roboto, gbogbo ẹ̀ á tú yangaru. Èyí tí ẹ lè fi ṣe ni pé kẹ́ ẹ má gé e rárá, kẹ́ ẹ fi odindi ìbú yẹn yí aṣọ bẹ́ẹ̀dì náà po létí, ó máa ń di gbogbo ẹ̀ mú, á sì jẹ́ kó wúwo létí kó má máa ká sókè.

Àmọ́ ọba gbogbo wọn lójú tèmi ni àgékù aṣọ ẹbí. Ẹ wo bí nǹkan ṣe rí, ìgbéyàwó yìí yáàdì mẹ́fà, ìsìnkú yẹn yáàdì márùn-ún, ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún àǹtí yìí, ìsọmọlórúkọ, tẹ́lọ̀ á rán tiẹ̀ tán á da àgékù padà fún yín nínú ọ̀rá dúdú, ẹ ò lè rán nǹkankan nínú ẹ̀, ẹ ò sì lè dà á nù. Mo fi fọ́tò tèmi ránṣẹ́ sí mọ́mì mi lórí WhatsApp, wọ́n ní ṣé ẹ̀kú eégún ni mò ń rán ni, ta ló fẹ́ gbé e, ṣé wọ́n ti ń ṣọdún eégún ní London báyìí ni. Mo ní kí wọ́n sún fọ́tò náà tóbi. Wọ́n sún un tóbi, ariwo ló kù: "Ah, ṣé èyí kọ́ ni ti òkú bàbá, àwọ̀ ewé tá a jọ rà ní Balógun! Èyí sì ni ti ìgbéyàwó ọmọ Ìyá Ìlọrin." Kó tó di pé a pa fóònù, wọ́n ti ń sọ pé kí n ṣe tiwọn ránṣẹ́, èyí tó máa gba orí tábìlì ńlá pálọ̀, kí n má sì fi aláwọ̀ eérú sínú ẹ̀ o.

Òwú, mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn: ẹ má lo òwú lásán tí wọ́n fi ń rán aṣọ ní máṣíìnì ní ẹyọ kan, ó máa já lọ́wọ́ yín. Ẹ lo polyester tó lágbára, kẹ́ ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì, tàbí èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún quilt ọwọ́. Etí aṣọ tí ike 60 gé tó bí ogójì sẹ̀ǹtímítà yí ká, nítorí náà òwú tó bá gùn tó 60 lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti ṣẹ́ ẹ po ti tó fún ẹyọ kan, gígùn ju ìyẹn lọ á kàn máa lọ́ mọ́ra ni. Kókó ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, ẹ ta á kó nípọn, torí òun ló máa jìyà nígbà tẹ́ ẹ bá ń fà á.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ so wọ́n, ẹ mú méjì, ẹ kojú wọn síra wọn, ojú tó ní ìṣẹ́po sí ojú tó ní ìṣẹ́po, kẹ́ ẹ fi abẹ́rẹ́ yí etí wọn mọ́ra bíi lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún níbi tó tó sẹ̀ǹtímítà kan péré, ẹ ta kókó, ẹ ṣí wọn sílẹ̀. Ẹ máa fẹ́ so ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má ṣe é. Tẹ́ ẹ bá fi gígùn so wọ́n, ara roboto yẹn á lọ, wọ́n á di onígun mẹ́rin. Ẹ rán ìlà kan tán, ẹ rán ìkejì, ẹ wá so ìlà mọ́ ìlà. Ihò olójú mẹ́rin á wà láàárín wọn, bó ṣe máa ń rí nìyẹn, ibẹ̀ ni àwọ̀ aṣọ ìsàlẹ̀ á ti máa yọjú. Mo fẹ́ràn ẹ̀ lórí ṣíìtì funfun. Àwọn mìíràn máa ń fi aṣọ sí ẹ̀yìn ẹ̀ pátápátá, ó máa ń jẹ́ kó pẹ́, àmọ́ ó wúwo nígbà yẹn, ẹ rántí pé aṣọ méjì-méjì ni yo-yo kọ̀ọ̀kan jẹ́ tẹ́lẹ̀, yàtọ̀ sí ìṣẹ́po.

Ẹni tó bá ń wá nǹkan tó máa bo òun nínú òtútù, ẹ má tàn án. Atẹ́gùn ń gba inú ẹ̀ kọjá bó ṣe wù ú. Aṣọ ojú ni, aṣọ tí wọ́n ń tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì kí àlejò lè wọlé kó sọ̀rọ̀, dùúfẹ́ẹ̀tì yín ló máa ṣe iṣẹ́ gidi lábẹ́ ẹ̀. Fífọ̀ ẹ̀ sì ní sùúrù: omi tútù, ọwọ́, tàbí kẹ́ ẹ kó o sínú àpò ìrọ̀rí kẹ́ ẹ di ẹnu ẹ̀ kó tó wọ máṣíìnì. Ẹ má ṣe sá a kọ́ sórí okùn, omi á fà á, ojú ibi tẹ́ ẹ so á máa já lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí táwẹ̀ẹ̀lì. Ilé tó bá ní ọmọ ọdún méjì, kí wọ́n mọ̀ pé gbogbo ihò yẹn ni ọmọ náà máa ki ìka bọ̀, yẹtí àti èékánná ẹsẹ̀ àgbàlagbà náà ò gbẹ́yìn.

Ti owó, ike nìkan lẹ ó rà tẹ́ ẹ bá ní òwú àti abẹ́rẹ́. Àgékù, ẹ lọ bá àwọn tẹ́lọ̀ Rye Lane ní Peckham, wọ́n á fẹ́ẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ yín tẹ́ ẹ bá gbé e kúrò nílẹ̀ fún wọn, àfi ẹni tó bá fẹ́ aṣọ kan náà jálẹ̀ ló yẹ kó lọ ra odindi yáàdì mẹ́fà ní Wentworth Street, lápá Liverpool Street níbi tí gbogbo wa ti máa ń ra léèsì. Kí ẹ sì mọ̀ pé sáìsì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tà lọ́tọ̀, kò sí ike kan tó lè ṣe méjì, ìyẹn ni mo ṣe yọ ìràwọ̀ kan kúrò. Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un.

Ẹ̀yin ilé, tẹ́ ẹ bá ní ẹni tó ń bọ̀ láti ìlú òyìnbó, ẹ ní kó bá yín mú u, ó fúyẹ́, ìsàlẹ̀ bàtà ló máa wọ̀ nínú báàgì ẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà sí i fún un kedere, mìlímítà 60, torí tẹ́ ẹ bá kàn sọ pé "èyí tó tóbi", 45 ló máa mú wá.